Netscape Navigator: ẹ̀dà 3 ló yẹ kó jọba, ẹ̀dà 4 ló já a kulẹ̀

Ẹ mú àwòrán kan tó wúwo tó 50 kílóbáìtì, kí ẹ gbé e gba orí módẹ́ẹ̀mù 14.4, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà tẹlifóònù gbé kílóbíìtì 14.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1994. Bí wáyà tẹlifóònù bá mọ́ tónítóní, tí kò sí ariwo kankan lórí rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo yẹn yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 28 kó tó wọlé tán. Mosaic ni bíráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń wo ìkànnì ayélujára, tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà, ìwà rẹ̀ sì ni pé ó máa ń dúró de àwòrán kó tó fi ojú ìwé hàn. Ojú ìwé tó bá ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mẹ́rin, ìṣẹ́jú méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí ẹni tó ń wò ó tó rí lẹ́tà kan kà.

Netscape Navigator kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń wọlé ló ṣe ń tò ó síta, á fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán, àwòrán á sì máa kún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dé. Bí ẹni tó ṣe ojú ìwé náà bá ti kọ WIDTH àti HEIGHT (fífẹ̀ àti gíga) sínú táàgì àwòrán, ìyẹn àmì tó ń pè é sínú ojú ìwé, Navigator á ti mọ bí àyè yẹn ṣe máa tóbi tó, ìlà tí èèyàn ń kà lọ́wọ́ ò sì ní ṣàdédé fò kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà lọ sọ́dọ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tó tọ́jú ojú ìwé náà, dípò ẹyọ kan, nítorí pé sáfà máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, wáyà á sì wà lófo ní gbogbo àsìkò tí bíráúsà bá fi ń retí rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù kò yára sí i o. Àsìkò tó ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ ni Navigator ń ṣà jọ lò. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn pa Mosaic tì láàárín oṣù díẹ̀ nìyẹn.

Jim Clark, ẹni tó dá Silicon Graphics sílẹ̀, àti Marc Andreessen, tí òun àti Eric Bina jọ kọ Mosaic ní ibùdó NCSA ní Yunifásítì Illinois, ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1994, ní Mountain View, California. Mosaic Communications ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Yunifásítì yarí pé àwọn ló ni orúkọ Mosaic, ni wọ́n bá yí i padà sí Netscape Communications nínú oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti kọ kóòdù tiwọn, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é láàárín ara wọn ni Mozilla, ẹ̀dá abàmì tó máa pa Mosaic jẹ. Ẹ̀dà ìdánwò jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ẹ̀dà 1.0 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. Oṣù mẹ́jọ lé díẹ̀ péré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Ìyára yẹn ló gbé wọn ga, òun náà ló sì gbin ìdààmú tó hù jáde ní ẹ̀dà 4.

Ojú rẹ̀ rọrùn láti mọ̀ lò. Lẹ́tà N ńlá kan wà ní igun òkè lápá ọ̀tún. Bí ojú ìwé bá ń bọ̀ lọ́nà, ìràwọ̀ á máa já kọjá lẹ́yìn N yẹn. Bó bá ti wọlé tán, ìràwọ̀ á dúró, ìlà ìsàlẹ̀ á sì kọ Document: Done. Líǹkì tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ á ní àwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ á ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá kán sí méjì, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà lè ka ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Bó bá wà lódindi, ọ̀rọ̀ ti di àrokò láàárín ẹ̀yin àti sáfà. Kọ́kọ́rọ́ eléyín kan dúró fún àrokò bíìtì 40, eléyín méjì fún bíìtì 128. Òfin Amẹ́ríkà nígbà náà ka àrokò líle mọ́ ohun ìjà, nítorí náà eléyín kan ni wọ́n ń tà fún àwọn ará òkèèrè.

SSL ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìpàrokò yẹn, Netscape ló sì ṣe é. Taher Elgamal ni àgbà onímọ̀ nídìí rẹ̀. Láìsí SSL, kò sí ẹni tó máa gbójú lé ayélujára láti tẹ nọ́ńbà káàdì ìsanwó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ní àléébù, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Nínú oṣù Kẹjọ 1995, Damien Doligez ní ilẹ̀ Faransé fi nǹkan bí ẹ̀rọ 120 tú àrokò bíìtì 40 ní ọjọ́ 8. Ìyẹn ò ya onímọ̀ kankan lẹ́nu, bíìtì 40 kéré, òfin ló sì fà á. Èyí tó tẹ̀ lé e ló burú. Ní oṣù Kẹsàn-án, Ian Goldberg àti David Wagner ní Berkeley rí i pé kọ́kọ́rọ́ bíìtì 128 pàápàá ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àrokò gbọ́dọ̀ ti ara nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ṣáájú wá. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Unix dípò Windows, ohun mẹ́ta ni Navigator fi ń ṣe tirẹ̀: aago inú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá ètò náà mọ̀, àti nọ́ńbà ètò tó pè é jáde. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà lè rí nọ́ńbà méjèèjì yẹn láìbẹ ẹnikẹ́ni, aago ò sì ṣòro fojú bù. Bí ilẹ̀kùn bá ní ìdè mẹ́wàá, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà, kí ni ìdè mẹ́wàá fẹ́ ṣe? Iléeṣẹ́ náà tún un ṣe kíákíá, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Bugs Bounty: ẹni tó bá rí àbùkù nínú ẹ̀dà ìdánwò 2.0, ẹ̀bùn ń bẹ fún un. Ìwà tó dára ni, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe irú rẹ̀ lónìí.

Sáfà kì í rántí ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá ṣí ojú ìwé kan, tó tún ṣí òmíràn, àlejò tuntun ló jẹ́ lójú rẹ̀. Ilé ìtajà ò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí apẹ̀rẹ̀ oníbàárà á máa dà nù ní gbogbo ìgbà tó bá yí ojú ìwé. Lou Montulli ló wá ojútùú sí i ní 1994. Kúkì ló pè é: ọ̀rọ̀ pélébé tí sáfà ń fi sí bíráúsà lọ́wọ́, kí bíráúsà lè fi hàn án nígbà tó bá padà dé. Ìlànà Netscape fàyè gba kúkì 300 lápapọ̀, 20 fún ìkànnì kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má sì ju kílóbáìtì 4 lọ.

Ẹ̀dà 2.0, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, ló sọ ojú ìwé di ohun tó ń mira. Ọjọ́ 10 ni Brendan Eich fi kọ èdè kékeré kan nínú oṣù Karùn-ún 1995. Mocha ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́, ó di LiveScript, nígbà tó di oṣù Kejìlá wọ́n sọ ọ́ ní JavaScript, torí pé òkìkí Java, èdè kọ̀ǹpútà ti iléeṣẹ́ Sun, ń kàn nígbà náà. Orúkọ yẹn ò dára, títí dòní ló ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló dára. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù náà ní láti rìn lọ dé ọ̀dọ̀ sáfà kó tún rìn padà wá kí ó tó mọ̀ pé nǹkan kan kù. JavaScript á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, módẹ́ẹ̀mù ò ní mọ̀ sí i. Férémù náà dé ní ẹ̀dà yìí, ohun tó ń pín wíńdò kan sí yàrá méjì mẹ́ta. Ìyẹn ò wúlò tó bí wọ́n ṣe pariwo rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ìwé inú férémù pamọ́, àdírẹ́sì ìta ló máa rí fi pamọ́, bó bá padà wá, ibòmíràn ló máa bá ara rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí a mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, ẹ̀dà 3.0 ni, èyí tó jáde nínú oṣù Kẹjọ 1996. Ó ní gbogbo ohun tí 2.0 ní, àbùkù rẹ̀ sì kéré. Àwọ̀ wọ inú ilé tábìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán lè yí padà bí èèyàn bá gbé eku kọ̀ǹpútà lé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 3.1, Windows 95, Macintosh àti oríṣiríṣi Unix, ojú kan náà ló sì ní lórí gbogbo wọn. Ẹni tó kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kan ti mọ̀ ọ́n lórí gbogbo ẹ̀rọ. Nígbà yẹn, nínú ènìyàn 100 tó ń lo ayélujára, àwọn tó lé ní 80 ló ń lo Navigator.

Ọ̀rọ̀ owó ò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò. Ẹlòmíràn á fi ọjọ́ 90 dán an wò, lẹ́yìn náà á san 49 dọ́là. Kò sí ohun tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò bá san. Ẹ̀dà ìdánwò nìkan ló máa ń kú lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Àwọn iléeṣẹ́ tó bẹ̀rù òfin ló ń sanwó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1995, oṣù 16 péré lẹ́yìn ìdásílẹ̀, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò wọn lọ sọ́jà. 28 dọ́là ni wọ́n dá lé e. 71 ni ọjà fi ṣí, ó gun dé nǹkan bí 75, ó sì parí ọjọ́ sí 58 lé díẹ̀. Jim Barksdale ni ọ̀gá àgbà nígbà náà.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ní 26 oṣù Karùn-ún, Bill Gates ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ ní Microsoft pé kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọn ò jókòó kọ bíráúsà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Spyglass, tó gba àṣẹ Mosaic lọ́wọ́ Yunifásítì Illinois, ni wọ́n ti gba kóòdù, wọ́n sì ṣàdéhùn pé Spyglass á máa gba ìpín nínú owó tí bíráúsà náà bá pa. Microsoft wá ń fi í tọrẹ. Ìpín nínú òfo, òfo ni. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, ní 1997 Microsoft san 8 mílíọ̀nù dọ́là kó tó tán nílẹ̀.

Internet Explorer ni orúkọ bíráúsà Microsoft yìí. Ẹ̀dà 1 àti 2 ò tó nǹkan tí èèyàn ń bẹ̀rù. Ẹ̀dà 3, tí òun àti Navigator 3 jọ jáde nínú oṣù kan náà, ló kọ́kọ́ ṣe bí alábàádíje, òun ló sì ṣáájú láti gba CSS, ìlànà fún ẹwà ojú ìwé, wọlé. Àmọ́ agbára Microsoft ò sí nínú bíráúsà yẹn, ojú ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọwọ́ èèyàn ló wà. Nínú oṣù Kẹta 1996, AOL, iléeṣẹ́ tó ń so àwọn èèyàn pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, gbà láti fi Internet Explorer ṣe bíráúsà àwọn oníbàárà rẹ̀, Microsoft sì fún un láyè lójú Windows. Lọ́dún yẹn kan náà ni Compaq yọ àmì Internet Explorer kúrò lójú àwọn kọ̀ǹpútà Presario, ó fi Navigator rọ́pò rẹ̀. Microsoft kọ̀wé pé òun máa gba àṣẹ Windows lọ́wọ́ wọn. Iléeṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà láìsí Windows, kí ló fẹ́ tà? Compaq dá àmì náà padà. Nínú oṣù Kẹjọ 1997, Apple náà gbà láti fi Internet Explorer ṣíwájú lórí Macintosh fún ọdún 5, Microsoft sì fi 150 mílíọ̀nù dọ́là ra ìpín nínú Apple. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1998, Adájọ́ Thomas Penfield Jackson sì dá wọn lẹ́bi nínú oṣù Kẹrin 2000. Ìwà yẹn ò tọ́, ilé ẹjọ́ kò sì purọ́ mọ́ wọn.

Síbẹ̀, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èèyàn lè bá Internet Explorer nínú kọ̀ǹpútà tó rà, kó sì tún lọ wá Navigator tirẹ̀. Mílíọ̀nù èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1996. Kí ló dé tí wọn ò ṣe é mọ́ ní 1998? Ẹ̀dà 4 ni ìdáhùn.

Oṣù Kẹfà 1997 ló jáde, Communicator lorúkọ rẹ̀. Netscape ti ra iléeṣẹ́ Collabra ní 1995, ojú wọn sì ti yí sí àwọn ọ́fíìsì ńlá tó ń lo Lotus Notes, ètò fún lẹ́tà àti iṣẹ́ àjọṣe. Wọ́n wá di Navigator mọ́ Messenger fún lẹ́tà, Composer fún ṣíṣe ojú ìwé, Collabra fún ìjíròrò, Conference fún ìpè, Netcaster fún ìròyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ bíráúsà nìkan ní láti ru gbogbo ẹrù yìí lọ sílé. Nígbà tó yá ni wọ́n tó ya Navigator 4 sọ́tọ̀. Abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo wọn tún ń gbé nínú mẹ́mọ́rì: bí Messenger bá dákú, ó gbé gbogbo wíńdò bíráúsà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, àti fọ́ọ̀mù tí èèyàn ti kọ dé ìlà ìkẹyìn.

Ìyẹn ṣì kéré. Àrùn tó pa á wà nínú ẹ̀rọ tó ń to ojú ìwé. Láti 1994 ni wọ́n ti kọ ọ́ kó máa ka ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tò ó, kó sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1994, ìyẹn gan-an ni ìwà ọgbọ́n, torí mẹ́mọ́rì ò pọ̀. Ní 1997, ojú ìwé ti di ohun tí JavaScript ń tún tò lẹ́yìn tó ti wọlé, ẹ̀rọ tó ti gbàgbé ohun tó tò ò sì lè tún un tò. Gbogbo àbùkù tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ń sunkún lé lórí, orísun kan yìí ni wọ́n ti ṣàn wá.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ fa igun wíńdò kí ó fẹ̀ sí i. Ìlànà CSS á já dànù, ọ̀rọ̀ á gun ara wọn, àfi kí ẹ tẹ Reload. Ó wọ́pọ̀ débi pé Dreamweaver, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ní àṣẹ kan tó ń fi kóòdù ìwòsàn fún un sínú ojú ìwé, MM_reloadPage lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó sì ń ṣe kò ju pé kó tún ojú ìwé ṣí nígbàkúùgbà tí wíńdò bá yí ìwọ̀n padà. Tábìlì tún ńkọ́? Navigator kì í fi ohunkóhun hàn nínú tábìlì títí tí táàgì tó pa á dé á fi wọlé. Ìkànnì tó bá kó gbogbo ojú ìwé sínú tábìlì ńlá kan, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe nígbà náà, oníbàárà á máa wo ojú funfun títí báìtì tó gbẹ̀yìn á fi dé. Ẹ rántí ohun tó mú wọn borí Mosaic. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dá ìdúró yẹn padà.

Ti CSS ló dunni jù. Netscape ti dábàá ọ̀nà tirẹ̀ láti fi JavaScript ṣe ẹwà ojú ìwé, JSSS ni wọ́n pè é. Ẹgbẹ́ W3C, tó ń ṣe ìlànà ayélujára, yan CSS, ìlànà rẹ̀ sì jáde nínú oṣù Kejìlá 1996. Àkókò ti lọ, ni Netscape bá kọ ògbufọ̀ kan sínú ẹ̀dà 4 tó ń sọ CSS di JSSS kó tó lò ó. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pa JavaScript nítorí ààbò, CSS pa pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ògbufọ̀ ò gbọ́ ló ń sọ di ìdàkudà, ìgbà mìíràn bíráúsà á kú fin-ín. Àwọn tó mọṣẹ́ wá ọgbọ́n kan dá sí i: Navigator 4 kò mọ @import, nítorí náà wọ́n á fi @import pe fáìlì CSS gidi, Navigator 4 á rí ojú ìwé lásán láìsí ọ̀ṣọ́, ó kéré tán á ṣeé kà. Fún ohun tó ń mira, wọ́n ní láti kọ kóòdù lẹ́ẹ̀mejì, document.layers fún Netscape, document.all fún Internet Explorer 4. Ẹ̀ẹ̀mejì iṣẹ́ fún owó kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n dẹ́kun kíkọ ti Netscape.

Internet Explorer 4 jáde ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 1997. Lóru ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft gbé lẹ́tà e ràgàjì kan lọ sórí koríko iwájú ọ́fíìsì Netscape. Àwọn ará Netscape bì í ṣubú, wọ́n gbé ère Mozilla, ẹ̀dá abàmì wọn, lé e lórí pẹ̀lú àkọlé pé nínú oníbàárà 100, 72 ni Netscape, 18 ni Microsoft. Nọ́ńbà yẹn ò pẹ́ tó fi yí padà, torí Internet Explorer 4 lè tún ojú ìwé tò láìtún un gbà láti sáfà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1998, Netscape kéde pé bíráúsà ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, àti pé àwọn máa tú kóòdù rẹ̀ síta. Wọ́n tú u síta ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ apá ìpàrokò nítorí òfin. Ìgboyà ni. Ìṣòro ni pé kóòdù ẹ̀dà 4 ni, àwọn tó ṣí i wò sì rí i pé kò ṣeé tún ṣe. Nínú oṣù Kẹwàá wọ́n pinnu láti dà á nù, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tuntun, Gecko, kalẹ̀. Ìpinnu lórí Gecko tọ̀nà. Èyí tí kò tọ̀nà ni pé wọ́n tún kọ gbogbo ìyókù pọ̀ mọ́ ọn, àpótí lẹ́tà, bọ́tìnì, àní ojú wíńdò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n fi èdè tuntun kan tó ń jẹ́ XUL ṣe. Ẹ̀dà 5 kò jáde rárá. Láti oṣù Kẹfà 1997 di oṣù Kọkànlá 2000, ọdún mẹ́ta àtoṣù márùn-ún, ẹ̀dà 4 tí wọ́n ń lẹ̀ ní àlẹ̀mọ́ ni wọ́n ń gbé fún oníbàárà.

AOL ti ra iléeṣẹ́ náà láàárín ìgbà yẹn. 4.2 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n kéde ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 1998; ìpín AOL gbówó lórí débi pé ó ti tó nǹkan bí 10 bílíọ̀nù nígbà tí òwò náà parí nínú oṣù Kẹta 1999. Bẹ́ẹ̀, AOL ò kúrò lórí Internet Explorer fún àwọn oníbàárà tirẹ̀. Netscape 6 jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 2000, láti ara Mozilla, orúkọ iṣẹ́ orí kóòdù tí wọ́n tú síta, nígbà tí kò tíì gbó. Ó ń falẹ̀, ó ń jẹ mẹ́mọ́rì, bọ́tìnì rẹ̀ ń rò ó kó tó dáhùn. Kò yẹ kó jáde lọ́dún yẹn. Netscape 7, oṣù Kẹjọ 2002, dára gan-an, ṣùgbọ́n AOL yọ ohun tó ń dí wíńdò ìpolówó kúrò nínú 7.0, nígbà tí Mozilla tí wọ́n ti mú un jáde ní in. Wọ́n dá a padà ní 7.01. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 2003, wọ́n dá àwọn tó ń kọ bíráúsà náà dúró, wọ́n fi 2 mílíọ̀nù dọ́là bẹ̀rẹ̀ Mozilla Foundation, ibẹ̀ sì ni Firefox 1.0 ti jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2004. Ẹ̀dà 8 àti 9 ń jẹ́ Netscape ni, ọ̀nà wọn ti yàtọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2008 ni AOL pa á tì pátápátá.

Àmì rẹ̀ ò tíì kúrò nínú ohun tí ẹ ń lò. Bíráúsà yòówù kí ẹ ní lọ́wọ́, Mozilla/5.0 ló fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ orúkọ rẹ̀ fún sáfà. Ẹ ní kí Chrome tàbí Firefox kó àwọn bookmark yín, ìyẹn àdírẹ́sì tí ẹ fi pamọ́, jáde sí fáìlì, ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀: NETSCAPE-Bookmark-file-1. Nínú àwòrán GIF tó ń yí po láìdúró, báìtì 11 kan wà níbẹ̀ tó kà pé NETSCAPE2.0; ẹ yọ ọ́, àwòrán á mira lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Fáìlì kúkì tí curl, ètò tó ń gba fáìlì láti ayélujára, ń kọ, orí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ṣì ní apá méje gẹ́gẹ́ bí Netscape ṣe tò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò fúnra rẹ̀, 86Box ni kó lò, torí ó ń ṣàfarawé ẹ̀rọ àtijọ́ látòkè délẹ̀. Ẹ fi Windows 98 Second Edition sí i, kí ẹ fún un ní mẹ́mọ́rì 64 mẹ́gábáìtì, kí ẹ yan káàdì RTL8029AS àti SLiRP fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Windows 95 lè kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó bá yára jù, nítorí náà ẹ fi sílẹ̀. Navigator 4.08 ni ẹ̀dà 4 tó gbẹ̀yìn láìsí ẹrù Communicator. Ẹ má retí kí ìkànnì òde òní ṣí tààrà: SSL 3.0 ló mọ mọ, ọ̀pọ̀ sáfà ìsinsìnyí ò sì gba ohun tó kéré sí TLS 1.2, arọ́pò SSL. Ẹ fi WebOne, ètò alárinà, sórí kọ̀ǹpútà gidi, òun á máa sọ̀rọ̀ TLS níta, á sì máa bá Navigator sọ̀rọ̀ ní gbangba. Nínú Navigator, ẹ lọ sí Edit, Preferences, Advanced, Proxies, Manual proxy configuration, kí ẹ tẹ View. Ẹ kọ 10.0.2.2 síwájú HTTP àti 8080 fún port. Bí ìkànnì kan bá ṣì le jù, WRP, alárinà mìíràn, á sọ gbogbo ojú ìwé di àwòrán kan tí líǹkì rẹ̀ ṣeé tẹ̀. Ẹ pa JavaScript, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Navigator 3 á máa ju wíńdò àṣìṣe sójú yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ní 4.08, inú pátákó kan ni wọ́n ń pamọ́ sí, ẹ tẹ javascript: sí ibi àdírẹ́sì láti rí i. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan síbẹ̀ o, WebOne ti tú àrokò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Notepad, ẹ kọ ìlà kan péré, <TABLE><TR><TD>E kaabo, kí ẹ má pa tábìlì dé, kí ẹ fi pamọ́ bíi idanwo.html. Ẹ fi Internet Explorer inú Windows 98 ṣí i, ẹ ó rí E kaabo. Ẹ fi Navigator 4.08 ṣí i. Ìràwọ̀ á já, ìlà ìsàlẹ̀ á kọ Document: Done, ojú ìwé á sì funfun báláú. Ẹ padà sí Notepad, ẹ fi </TABLE> kún un, kí ẹ tẹ Reload.